Fírìjì tó ti gbó, tó ń rùn, tó ń di yìnyín: ká tún un ṣe ni, ká ra tòkunbọ̀, àbí ká kúkú ra tuntun?

Ẹ Okun o. Ọ̀rọ̀ fírìjì tó ti gbó la fẹ́ sọ, èyí tó jẹ́ pé tẹ́ẹ bá ṣí i òórùn lá kọ́kọ́ kí yín kẹ́ẹ tó rí oúnjẹ, tí ibi tí à ń kó ẹran sí lókè sì ti di yìnyín débi pé ẹja kan péré ò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Tó bá ti dà báyìí nínú ilé, ẹnu kìí kò. Bàbá á ní ẹ jẹ́ ká lọ ra tòkunbọ̀ ní Ìlọrin, ìyá á ní rárá, ẹ pe ẹni tó ń ṣe é wá kó wá fi gáàsì sí i, màmá àgbà á ní ẹ kàn fọ̀ ọ́ kẹ́ẹ la ọsàn wẹ́wẹ́ sí i nínú. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni nínú wọn jàre. Ibi tí yìnyín yẹn jókòó sí àti ibi tí òórùn ti ń jáde ló máa sọ èwo ló tọ́, kìí ṣe ọjọ́ orí fírìjì, torí àwọn kan wà ní Kàbà níbí tó ti lé lógún ọdún tó ṣì ń dì nini, àwọn kan sì wà tí ò tíì pé ọdún mẹ́rin tó ti yẹ kí wọ́n gbé jáde.

Irú èwo ló wà nílé yín?

Oríṣi méjì ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, ẹ ò sì lè fi ojú kan náà wò wọ́n. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kò ní fáànù nínú, onílẹ̀kùn kan, àti fíríìsà onídèrí lókè tí àwọn tó ń ta omi tútù máa ń lò. Nínú èyí, páànù tàbí ògiri fíríìsà fúnra ẹ̀ ló ń tutù, afẹ́fẹ́ tó ní omi nínú á sì máa dì mọ́ ọn lára. Kò sí bẹ́ẹ ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní di yìnyín rárá, iṣẹ́ tiyín ni láti máa jẹ́ kó yọ́ lásìkò. Tó bá ti nípọn tó mílímítà 5 tàbí 6, àsìkò ti tó nìyẹn.

Èkejì ni èyí tí wọ́n kọ no-frost sí lára. Ẹ máa gbọ́ fáànù nínú ẹ̀, ẹ sì máa rí ihò tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà jáde, àmọ́ páànù tó ń tutù yẹn wà lẹ́yìn rọ́bà ògiri, ẹ ò ní rí i. Ó ní hítà kékeré kan tó ń yọ́ yìnyín fúnra ẹ̀ látìgbàdégbà, omi ẹ̀ á sì ṣàn gba ihò kan lọ sí àwo tó wà lẹ́yìn lókè kọ́mpírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnnì fírìjì, ibẹ̀ ni ooru ti máa gbẹ ẹ́. Tẹ́ẹ bá wá rí yìnyín tó ń hù jáde lára ògiri irú èyí, nǹkan kan ti bàjẹ́ nìyẹn, yálà hítà, táímà, tàbí sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń sọ fún un pé ó ti tó, tàbí kó jẹ́ ilẹ̀kùn ni ò pa dé dáadáa. Ẹ lè máa fi ọwọ́ yọ́ ọ lóṣooṣù, ó máa padà wá ṣá ni.

Ibi tí yìnyín wà

Tó bá jẹ́ etí ilẹ̀kùn àti iwájú iwájú ló ti pọ̀ jù, rọ́bà ilẹ̀kùn ni kẹ́ẹ fura sí. Ẹ mú owó bébà kan, ẹ fi há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ pa á dé kẹ́ẹ wá fà á. Tó bá jáde wẹ́rẹ́ láìdi ọwọ́ mú, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbẹ̀. Ẹ ṣe é yípo gbogbo ẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, torí igun kan péré ló sábà máa ń bàjẹ́. Tàbí kẹ́ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ẹ̀ lóru, ẹ pa á dé, kẹ́ẹ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ. Rọ́bà tó ti wọ́ àmọ́ tí kò tíì ya, omi gbígbóná àti ọṣẹ lè gbà á là: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ rì sínú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí táá fi rọ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi fasilíìnì díẹ̀ pa á lójú, kẹ́ẹ wá pa ilẹ̀kùn dé fún wákàtí mélòó kan. Èyí tó ti ya tàbí tó ti le gbagidi, ẹ ra òmíràn. Kẹ́ẹ tó ra òmíràn ṣá, ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ ló tẹ̀ síwájú, torí fírìjì tó bá tẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn ẹ̀ kìí fẹ́ pa dé. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ sókè díẹ̀ kí ilẹ̀kùn lè máa padà fúnra ẹ̀.

Tó bá jẹ́ gbogbo páànù ló dì dọ́gba dọ́gba, tó sì ń tutù dáadáa, kò sí àrùn kankan. Ṣíṣí ló pọ̀ jù, tàbí ẹ̀ ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná sínú ẹ̀, tàbí ìkòkò tí ò lómọrí. Ìgbà òjò ló máa ń le jù lọ́dọ̀ wa níbí torí omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, nígbà tí ọyẹ́ bá dé ẹ máa rí i pé fíríìsà kan náà ò ní dì tó bẹ́ẹ̀. Torí náà tó bá jẹ́ oṣù keje ni yìnyín ń yọ yín lẹ́nu, ẹ má tíì ta fírìjì.

Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí apá kan páànù dì kọ́rọ́kọ́rọ́ kí apá kejì gbẹ furu, kí kọ́mpírẹ́sọ̀ máa ṣiṣẹ́ láìsinmi kí ìsàlẹ̀ má sì tutù. Gáàsì inú ẹ̀ tó ń mú un tutù ló sábà máa ń kéré nìyẹn. Gáàsì inú fírìjì kìí sì tán bíi ti sílíńdà ìdáná o, ojú kan náà ló ń yí sí títí ayé. Tó bá dín, ibì kan ń jò. Ẹni tó bá wá rọ gáàsì láìwá ibi tó ń jò kó sì dí i, owó yín ló ń rọ síta, ẹ tún máa pè é láìpẹ́.

Tó bá wá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni omi ń rò sí, lábẹ́ àpótí ẹ̀fọ́, tàbí yìnyín pẹrẹsẹ kan lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ fíríìsà no-frost, ihò omi ló dí. Èyí ni àtúnṣe tó rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀, tí àwọn kan sì ń tìtorí ẹ̀ ta fírìjì wọn ní gbàǹjo. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kó yọ́, ẹ wá ihò kékeré lẹ́yìn nísàlẹ̀ ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, ẹ fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ẹ̀ títí táa fi gbọ́ pé ó ń ro sínú àwo ẹ̀yìn. Ẹ má fi igi ìgbálẹ̀ gún un, ó máa kán sínú.

Bí a ṣe ń yọ́ ọ

Èyí tó dáa jù ló lọ́ra jù: ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ẹ lọ sóko. Tí ẹ bá ń kánjú, ẹ gbé abọ́ omi gbígbóná sínú ẹ̀ kẹ́ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kẹ́ẹ máa pààrọ̀ omi tó bá ti tutù. Fáànù onídùúró tí ẹ kọjú ẹ̀ sí i náà ń ṣiṣẹ́ gan-an, ó yá ju kẹ́ẹ kàn ṣí i sílẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ gbé fáànù jìnnà sí omi.

Ọ̀bẹ ńkọ́? Ọ̀bẹ ló ń pa fírìjì nílẹ̀ yìí ju ọjọ́ orí lọ. Aluminíọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ ni páànù yẹn, inú ẹ̀ ni gáàsì ń gbà kọjá, ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ ti tó. Ẹ máa gbọ́ ṣíí, òtútù ọjọ́ kejì á ti tán. Àtúnṣe páànù tí wọ́n gún tún jẹ́ iṣẹ́ tí kìí pẹ́ tó fi máa ń bàjẹ́ padà. Ohun mìíràn tún ni pé ọ̀pọ̀ fírìjì òde òní ló ń lo gáàsì tí wọ́n ń pè ní R600a, ó lè gbaná. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ lára kọ́mpírẹ́sọ̀, ẹ máa rí àmì iná nínú igun mẹ́ta tó ní àwọ̀ yẹ́lò. Irú èyí, ẹ má gbé àbẹ́là tàbí sítóòfù sún mọ́ ọn láé torí pé ẹ fẹ́ yọ́ yìnyín, bó bá sì jò ẹ ṣí fèrèsé kẹ́ẹ má tan ohunkóhun. R134a tó wà nínú àwọn tó dàgbà jù ú lọ ò lè gbaná bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ fi yìnyín sílẹ̀ o, wọ́n ní tí iná bá lọ òun ló máa mú ẹran dúró. Mo lóye wọn, iná tiwa níbí ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ yìnyín tó nípọn lára páànù dà bí aṣọ òtútù tẹ́ẹ wọ̀ fún un, ó ń dí òtútù lọ́wọ́ láti dé ara ẹran, kọ́mpírẹ́sọ̀ á wá máa ṣiṣẹ́ lórí asán. Tẹ́ẹ bá fẹ́ ohun tó máa mú òtútù dúró, ẹ rọ omi sínú ike, ẹ má rọ ọ́ kún, ẹ jẹ́ kó dì, kẹ́ẹ fi dí gbogbo àyè tó ṣófo nínú fíríìsà. Ìyẹn dáa jùlọ nínú méjèèjì láìjiyàn. Fíríìsà tó kún tí ẹ ò ṣí lè mú nǹkan dúró tó wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì tó 24, ìsàlẹ̀ fírìjì ní tiẹ̀ wákàtí 4 péré ni.

Òórùn

Ní ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, yìnyín àti òórùn kìí yà. Iná lọ, yìnyín yọ́, omi ẹja tẹ́ẹ rà láti Lọ́kọ́jà pọ̀ mọ́ ọn, ó ṣàn gba ihò kọjá sí àwo ẹ̀yìn, iná dé, ooru kọ́mpírẹ́sọ̀ ń sè é níbẹ̀. Ẹ fọ inú fírìjì títí di mímọ́, òórùn ò lọ, torí ẹ̀yìn ló wà. Torí náà àwo yẹn ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ yọ, ẹ fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ bá ti débẹ̀ ẹ wò ó bóyá eku kú sí ìdí kọ́mpírẹ́sọ̀, torí ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, ẹni tó bá ń kó iṣu àti àgbàdo sílé mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́yìn náà ni ìṣẹ́po rọ́bà ilẹ̀kùn níbi tí èébu dúdú máa ń hù sí, bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló dáa fún un.

Ohun tí a fi ń fọ̀ ọ́ wá ńkọ́? Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ló ń ṣe ìdá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn, gbogbo ìyókù olùrànlọ́wọ́ ni. Béékìn sóòdà dáa fún òórùn kíkan, bíi wàrà tó dà sílẹ̀ tàbí ọbẹ̀ tó ti kan, ẹ pò ó mọ́ omi kẹ́ẹ fi nù ún, kẹ́ẹ tún bu díẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ kó jókòó síbẹ̀. Òórùn ẹja ò ka sóòdà sí tó bẹ́ẹ̀, fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń ká a, torí kíkan wọn ló ń pa ohun tó ń mú ẹja rùn. Màmá àgbà ò tíì parọ́ o. Ṣùgbọ́n ọsàn tí ẹ là sílẹ̀ láìnu inú fírìjì kàn ń bo òórùn mọ́lẹ̀ ni, bó bá pẹ́ òun náà á hu èébu. Èédú ìdáná tí kò tíì jó, tó mọ́, máa ń fa òórùn díẹ̀díẹ̀, kò lágbára tó èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yẹn gan-an àmọ́ kò náni ní nǹkankan. Mo fẹ́ràn ẹ̀ fún ìsàlẹ̀ níbi tí ẹ̀fọ́ wà.

Bílíìṣì, ìyẹn omi tí à ń fi fọ aṣọ funfun, ló yẹ ká gbẹ́yìn sí. Ó ń pa èébu lóòótọ́, ó sì wúlò tí ẹran bá jẹrà níbẹ̀ nígbà tẹ́ẹ rìnrìn àjò, díẹ̀ nínú omi púpọ̀, kẹ́ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án dáadáa lẹ́yìn ẹ̀. Àmọ́ ó ń mú irin dípẹtà, òórùn tiẹ̀ náà kìí tètè lọ. Ẹ ò gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ fínígà tàbí ọsàn, méjèèjì tó bá pàdé á yọ èéfín olóró tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ká fi ọjọ́ kan lo ọ̀kan, ká ṣàn án, kó tó di pé a lo èkejì.

Òórùn irú tí à ń fi se ọbẹ̀ kìí ṣe òórùn ìbàjẹ́ o, ṣùgbọ́n ó máa wọ bọ́tà yín, ó máa wọ omi mímu. Ìgò onídèrí tó dì pinpin ni ilé ẹ̀, kìí ṣe nylon. Òórùn jíjóná kìí ṣe ti oúnjẹ rárá, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì kíákíá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé gáàsì ló ń rùn, ẹ bi í léèrè irú gáàsì wo, torí R134a àti R600a ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn kankan. Àwọn fírìjì oníkẹrosíìnì àtijọ́ ló ní amóníà nínú, ìyẹn ló máa ń ta ní imú.

Òórùn kan wà tó ń parí ọ̀rọ̀. Tí rọ́bà funfun inú fírìjì bá ti lanu, tí omi ẹran ti wọ fóòmù tó wà láàrin ògiri, kò sí ohun tẹ́ẹ fẹ́ fi fọ̀ ọ́. Ẹ fọ gbogbo ẹ̀, ẹ ṣí i sílẹ̀ sí atẹ́gùn fún ọjọ́ mélòó kan, tí òórùn bá padà lẹ́yìn tẹ́ẹ pa á dé, ẹ gbà pé ó ti tán.

Àtúnṣe, tòkunbọ̀, tuntun

Rọ́bà ilẹ̀kùn, ihò omi, tẹ́mósítáàtì (ohun tó ń pinnu bó ṣe máa tutù tó), hítà, táímà: ẹ tún un ṣe, kò sí ìdí tí ẹ fi máa torí ìwọ̀nyí ra fírìjì. Gáàsì tó ń jò níbi tí ojú ti lè rí i lẹ́yìn, tí wọ́n lè fi iná jó pọ̀, ẹ tún un ṣe náà. Èyí tó ń jò nínú ògiri, tàbí kọ́mpírẹ́sọ̀ tó kú nínú fírìjì tó ti gbó, owó ẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ owó tòkunbọ̀, níbẹ̀ ni mo ti máa ń sọ pé kéèyàn dúró kó ronú.

Tòkunbọ̀ dáa tẹ́ẹ bá mọ ohun tẹ́ẹ máa wò. Ẹ bá mi wo páálí kékeré inú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ẹ̀fọ́. Ẹ máa rí lẹ́tà: N, SN, ST tàbí T. N àti SN, ooru tí ò ju 32°C lọ ni wọ́n ṣe wọ́n fún, ST 38, T 43. Ẹni tó bá ti wà ní Lọ́kọ́jà tàbí Kàbà ní oṣù kẹta mọ̀ pé 32 ò tó nǹkan níbí. Fírìjì tí wọ́n kọ N sí tó ti sin wọ́n ní Yúróòpù máa dé ọ̀dọ̀ yín kó máa ṣiṣẹ́ láìsinmi ni, kọ́mpírẹ́sọ̀ ẹ̀ ò ní pẹ́. ST tàbí T ni kẹ́ẹ wá. Ẹ tún wo iná tó ń lò, 220 sí 240 ni tiwa, èyí tó bá wá láti Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ 110 sí, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n tan án kẹ́ẹ jókòó tì í, kẹ́ẹ má gba àlàyé pé ó ti ń tutù láàárọ̀. Ẹ sì gbóòórùn inú ẹ̀.

Bẹ́ẹ bá ń gbé e bọ̀ láti Ìlọrin gba Ọ̀mù-Àrán wá sí Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìsánlú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ lórí mọ́tò. Tó bá di dandan, ẹ jẹ́ kó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ di ọjọ́ kejì kẹ́ẹ tó tan án, kí ọ́ìlì tó ti ṣàn kúrò nínú kọ́mpírẹ́sọ̀ lè padà.

Ti tuntun, gbogbo ènìyàn ń sáré sí no-frost torí wọn ò fẹ́ yọ́ yìnyín mọ́. Tí iná yín dáa, tàbí sólà yín lágbára, ẹ rà á. Tí iná bá jẹ́ wákàtí díẹ̀ lóòjọ́, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Hítà yẹn ń jẹ iná, ó lè mú kí ínfátà kékeré gé. Èyí tó ní táímà àtijọ́ tún ní wàhálà tiẹ̀: tí iná bá lọ nígbà tó ń yọ́ yìnyín, ibi tó dé ló máa dúró sí, nígbà tí iná bá dé ó máa kọ́kọ́ parí yíyọ́ ná, kò ní tutù fún bíi ìdajì wákàtí, ẹ̀yin á sì rò pé ó ti bàjẹ́. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀ fíríìsà onídèrí lókè ló tọ́. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, tẹ́ẹ bá ṣí òkè kìí dà jáde bíi ti onílẹ̀kùn, ẹran yín á pẹ́ nínú ẹ̀ tí iná bá lọ. Yìnyín ẹ̀ ẹ máa fúnra yín yọ́ ọ, mo mọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Èyíkéyìí tẹ́ẹ bá yàn, ẹ ra sitẹbiláísà tó ń dúró díẹ̀ kó tó gbé iná fún un, torí kọ́mpírẹ́sọ̀ tí iná lọ tó dé lójú ẹsẹ̀ kìí lè tètè gbéra, ibẹ̀ ló ti máa ń jóná.

Ògbólógbòó tí ò rùn, tó kàn kọ̀ láti tutù, ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù fún ẹ̀wà àti èlùbọ́, eku ò lè wọ̀ ọ́. Èyí tó ń rùn ẹ ta á fún àwọn oní-kòńdẹ́ḿ tó ń ra nǹkan tó ti bàjẹ́, àmọ́ tó bá máa sùn níta fún ọjọ́ kan péré, ẹ kọ́kọ́ tú ilẹ̀kùn ẹ̀ kúrò, nítorí ọmọdé tó bá wọ inú ẹ̀ láti sá pamọ́ ò ní lè ṣí i látinú.